Iná Márùn-ún Lójú Ẹ̀rọ

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án

Àlùmọ́gàjí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù ńkọ́? Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Èmi wà, ilé wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà wà, àfi pé ó ń ké díẹ̀ nítorí n kò tíì kán epo sí i.

Má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já bó o ṣe rí lẹ́tà. Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí títí, tí kò wọlé. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ló dákú, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Fóònù tí mo tún ní, ibi tí mo ti ń rẹ aṣọ oníbàárà kan ló ti yọ̀ bọ́ sínú korobá. Mo yọ ọ́, mo sá a sóòrùn, kò jí. Nítorí náà, lẹ́tà la ó máa kọ síra wa fúngbà díẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ dùn, ìwọ tó o máa ń sọ pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára ju ti olùkọ́ yín lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ìwé ìgbélùú rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti dá ọ lóhùn? Má kúrò níbẹ̀ o. Má tilẹ̀ rò ó wò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Télọ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Ẹ fẹ́ pa mí ni? Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni mo fi wọ aṣọ tó dáa, tí mo jókòó síwájú fóònù, tí mò ń pè yín lórí fídíò, tí ẹ kò gbé e. Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, mo ti ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bíi wèrè. Lẹ́tà yín dé, inú mi dùn, mo sì tún bínú.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kọ́ etí, èèyàn á pè pé íńtánẹ́ẹ̀tì òun kò lọ, èmi á bá a tún un ṣe láì fojú rí ilé rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan bá mi jà fún ogójì ìṣẹ́jú kó tó jẹ́wọ́ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù lòun ti ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì náà mọ́, nítorí olè. Ti gbogbo ayé ni mò ń tún ṣe, ti bàbá mi wá kú sílé. Ṣé ìyẹn dáa?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ síbi tí wáyà iná ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ti wọ ògiri, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ẹnu fẹ́ eruku tó wà lára rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tún kì í bọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé eruku ló ń pa ẹ̀rọ o. Àwa kì í bi oníbàárà bóyá ó ti kì í bọ iná, torí gbogbo wọn ló máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Eruku la máa ń ní kí wọ́n fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i pé àwọn ò kì í bọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo iná wẹ́wẹ́ márùn-ún tó wà lójú rẹ̀, láti apá òsì. Ẹ kọ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sínú ìwé yín: èyí tó tàn, èyí tó kú, èyí tó ń ṣẹ́jú. Ẹ tún gba nọ́ńbà fóònù ayafọ́tò tó wà ní òdìkejì títì yín, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó kéré tán, n ó máa gbọ́ ohùn yín.

Ní ti ìwé ìgbélùú, wọ́n ní ìparí oṣù kejìlá ló máa jáde. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde nílùú yìí kó tó di ìgbà náà, wọ́n á ya á dànù, ọdún márùn-ún tí mo ti fi dúró á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yín,
Àlùmọ́gàjí.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Àlùmọ́gàjí mi,

Lẹ́tà rẹ dé, mo rẹ́rìn-ín ọkùnrin oníkọ́bọ́ọ̀dù yẹn títí. Èmi ò ti tèmi mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù o.

Mo ṣe gbogbo ohun tó o wí. Eruku náà, aṣọ ni mo fi nù ún, n kò fẹ́ ẹ, torí aṣọ ló ń nu eruku tán. Mo tún un kì bọ ògiri. Iná márààrún ló tàn. Láti apá òsì: mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ̀karùn-ún pupa. Kò sí èyí tó kú, kò sí èyí tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n tàn dáadáa, wọ́n mọ́lẹ̀ rekete. Íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò sí.

Ayafọ́tò kì í gbélé mọ́. Ibi ìgbéyàwó kan, ibi ọjọ́ ìbí kan, ìrìn àjò ṣáá ni. Bí mo bá rí i, n ó gba nọ́ńbà náà.

Má da ara rẹ láàmú lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ká tó bí ọ, a ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, a sì ń jẹun. Jókòó jẹ́ẹ́ kí ìwé rẹ jáde.

Bàbá rẹ,
Télọ̀.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹwàá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Ṣé ara le?

Mo ka èsì yín lórí iná márùn-ún yẹn, mo tún un kà. Bàbá, kò ṣẹlẹ̀ rí. Iná kẹta ló ń sọ pé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Iná pupa ló ń sọ pé kò wọlé. Bí ọ̀kan bá tàn, èkejì gbọ́dọ̀ kú. Mo bi ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní oníbàárà mi náà ti mu nǹkan. Mo ní bàbá mi ni oníbàárà náà.

Ẹ dárí jì mí, ẹ tún un wò. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí ẹ̀rọ náà padà. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà wọ̀. Ẹ mú abẹ́rẹ́ yín, ẹ tì í bọ ihò náà, kí ẹ ka ení títí dé ogún kí ẹ tó yọ ọ́. Ó máa kú, ó máa tún jí. Àwọn oníbàárà wa a máa wá abẹ́rẹ́ káàkiri ilé, ìgbà mìíràn a máa gba wákàtí kan. Tiyín ò lè rí bẹ́ẹ̀, àyà ẹ̀wù yín ni abẹ́rẹ́ ń gbé.

Ọkàn mi ò balẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Lánàá, bàbá arúgbó kan pè, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní òun fẹ́ rí ọmọ òun. Mo dáhùn pé, "Bàbá mi, ẹ má bínú." Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi, bí ẹni pé ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń gba ohùn wa sílẹ̀ níbí, wọ́n sì pè mí láti bi mí ohun tó ṣe mí.

Nọ́ńbà ayafọ́tò ńkọ́?

Ọmọ yín,
Àlùmọ́gàjí.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

N kò dúró de èsì kí n tó kọ èyí. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo àpótí lẹ́tà kí n tó lọ síbi iṣẹ́ àti nígbà tí mo bá dé. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti mọ̀ mí. Bó bá ti rí mi lókèèrè báyìí, ó ń mi orí kí n tó béèrè.

Ẹ sáà kọ pé ara yín le. Ìlà kan tó.

Àlùmọ́gàjí.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Àlùmọ́gàjí mi,

Ẹ̀mí rẹ á gùn. Mo rí lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ keje gbà.

Mo mú abẹ́rẹ́, mo yí ẹ̀rọ náà síwá, mo yí i sẹ́yìn. N kò rí ihò kankan. Bóyá ti irú tèmi ò ní ihò. Àwọn tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí, wọn kì í ṣe é bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Iná márùn-ún náà ṣì ń tàn bí wọ́n ṣe ń tàn.

Fi í sílẹ̀, jọ̀ọ́. Ìyá oníbùrẹ́dì tó wà ní kọ̀rọ̀ ti mú ilé ìtajà rẹ̀ fẹ̀ sí i, èmi ni mo rán aṣọ fèrèsé rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ojú títì wa, wọn ò dí i. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mò ń jẹun, mò ń sùn. Kí lo tún fẹ́?

O ò sọ nǹkan kan nípa ìwé ìgbélùú nínú lẹ́tà rẹ yìí. Kí ló dé tó o fò ó?

Bàbá rẹ,
Télọ̀.


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Mo kí yín, ṣùgbọ́n n kò kúnlẹ̀ lónìí. Ìbínú ò jẹ́ kí orúnkún mi tẹ̀.

Ẹni tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo awò, òun ni kò rí ihò lẹ́yìn ẹ̀rọ? Mo ka lẹ́tà yín tán, mo lọ sí yàrá tí a ń kó ẹrù sí níbi iṣẹ́, mo gbé irú ẹ̀rọ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín sílẹ̀. Ihò wà níbẹ̀, ó tó kí kòkòrò wọ̀ ọ́. Mo wá wo páálí rẹ̀. Níwájú páálí náà, wọ́n ya àwòrán ẹ̀rọ yìí, wọ́n tan gbogbo iná rẹ̀ kó lè wu èèyàn rà. Mẹ́rin àwọ̀ ewé, ìkan pupa. Kò sí ibòmíràn láyé tí iná márùn-ún yẹn ti ń tàn pọ̀, àfi lára páálí.

Mo ní, ó dáa, ṣùgbọ́n wọ́n ya ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà síbì kan lára páálí yẹn, pẹ̀lú ihò rẹ̀. Kí ló dé tí Bàbá ò fi rí i? Mo ronú títí mo fi rántí pé ẹ kì í sọ páálí nù. Ẹ máa ń gé e láti fi ṣe àwòṣe kọ́là ọrùn ẹ̀wù. Ẹ ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ fún kọ́là ẹnì kan, ojú rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Ojú rẹ̀ lẹ sì ń kà fún mi láti oṣù kẹsàn-án.

Níbo ni ẹ̀rọ náà wà? Kí lẹ ń pa mọ́ fún mi?

Ẹ ti ṣe é fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi kú, ẹ jẹ́ kí n fi ìdùnnú jókòó ṣe ìdánwò, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ tó sọ fún mi, wọ́n ti sin ín tán. Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo gbà yín gbọ́.

Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá ni. Bí n kò bá gbọ́ òótọ́ kó tó di ọjọ́ náà, mo ń bọ̀ nílé. Kí wọ́n ya ìwé ìgbélùú náà bó bá wù wọ́n.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Òwúrọ̀ yìí ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bí mo bá fi èsì sínú àpò ìwé, kò ní bá ọ nílé. Nítorí náà, ayafọ́tò ni yóò ya ojú ewé yìí, tí yóò fi í ránṣẹ́ sí ọ láti orí fóònù rẹ̀. Ó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì tó dára gan-an. Ẹ̀rọ tèmi ló ń lò. Èmi ni mo gbé e fún un, tí mo bẹ̀ ẹ́ kó má gbé e padà bí mo tilẹ̀ wá béèrè rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, mo fẹ́ fi omi ṣan ẹnu, omi náà ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wo dígí. Apá òsì ojú mi ti wọ́ sílẹ̀ bí ìṣẹ́tí tí òwú rẹ̀ já. Ojú òsì ò pa dé. Ẹnu mi lọ sápá ọ̀tún. Mo rò pé ó ti parí. Ayafọ́tò ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Ó ní iṣan kan ló wú lẹ́yìn etí, pé oògùn wà, pé kí n máa fi ẹnu ṣeré níwájú dígí lárààárọ̀, pé ó máa lọ díẹ̀díẹ̀, ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó lè gba mẹ́fà. Apá mi le, ẹsẹ̀ mi le. Mò ń rán aṣọ, ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Fóònù ò bọ́ sómi. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà. Ohùn mi ló yí padà, ọ̀rọ̀ ń jò lẹ́nu mi. O ò bá ti mọ̀ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kejì. O ní kí n fẹ́ eruku. Mo dúró níwájú dígí, mo gbìyànjú. Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún, kì í ṣe ọjọ́ tí ojú mi wọ́.

Mo mọ̀ ọ́. Ojú kan lo máa wò mí, o máa wọ bàálù, ọdún márùn-ún rẹ á ṣòfò nítorí ẹnu mi tó wọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìdí kan tún wà tí n kò fẹ́ sọ, ojú ń tì mí. Àwọn oníbàárà ń wo ẹnu mi nígbà tí mo bá ń wọ̀n wọ́n. Mo ti ń lo ìbòmú. N kò fẹ́ kí ìwọ náà wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ayafọ́tò ya ojú mi mọ́ lẹ́tà yìí, ó yà á tán, mo tún ní kó pa á rẹ́.

Mo ṣèlérí fún ọ nígbà tí ìyá rẹ kú, mo sì yẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà.

Kọ́là ayafọ́tò ni mo fi ẹ̀yìn páálí gé.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Mo ka á nínú yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́, fóònù ayafọ́tò ni mo sì ń fèsì sí. Mo sunkún débi pé wọ́n gba ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí mi. Mo dé ibi kọ́là, ẹ̀rín pa mí pọ̀ mọ́ ẹkún, wọ́n rò pé orí mi ti dàrú.

Inú ṣì ń bí mi. N kò ní pa ìyẹn mọ́, kí irọ́ má bàa di méjì láàárín wa. Oṣù mẹ́ta lẹ fi dá nìkan gbé e, tí mò ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ki abẹ́rẹ́ bọ ihò.

Tíkẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú. Bí mo bá rí ojú yín lọ́la, n ó dá a padà, n ó sì dúró de ìwé mi. Bí n kò bá rí i, ẹ máa gbúròó mi lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, tèmi tẹrù mi. Ẹ wo èyí tó dáa jù lọ́wọ́ yín.

Ẹ lọ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ ayafọ́tò. Ẹ jókòó síbi fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wà níwájú yín. Ẹ bọ́ ìbòmú. Ẹ má fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ má sì fi apá ọ̀tún nìkan hàn mí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbọ́ ohun tí ẹ bá sọ, bó ti wù kó jò tó.

Mo kúnlẹ̀ lónìí.

Àlùmọ́gàjí.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá

Àlùmọ́gàjí mi,

Mò ń kọ èyí bí mo ṣe ń dúró kí ẹ̀rọ náà jí, torí n kò mọ ibòmíràn tí n ó gbé ọwọ́ mi sí. Ayafọ́tò ti gbé e dé. Ó fẹ́ jókòó tì mí, mo ní kó máa lọ.

Mo yẹ wáyà iná wò kí n tó kì í bọ ògiri. Eruku wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Mo fi ìka ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi òsì mọ́ra bí dókítà ṣe kọ́ mi, mo fẹ́ ẹ. Lẹ́ẹ̀kíní, itọ́ ló jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, itọ́ àti afẹ́fẹ́ díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, eruku náà fò.

N kò wo páálí. Mo ti sọ ọ́ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Iná kìíní tàn. Èkejì tàn. Ẹ̀kẹta ń ṣẹ́jú, ó ti ń ṣẹ́jú tipẹ́. Ẹ̀kẹrin kú. Pupa ṣì tàn. Mo jókòó síbi fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ wà níwájú mi, ìbòmú wà lórí itan mi, fóònù tí mo yọ nínú dúrọ́ọ̀ wà lójú fèrèsé.

Pupa ti kú. Ẹ̀kẹta dúró.

Fóònù ti ń dún, ọmọ mi. Jẹ́ kí n gbé kálàmù sílẹ̀.